Ohun Tí Fáìlì Òfìfo Kọ́ Mi Nípa Àwọn Ìkànnì Tí A Ti Ń Kọ́ Iṣẹ́ Prógráàmù

Oṣù kẹrin tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ prógráàmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, jókòó tì mí, tó ní kí n fi ohun tí mo ti mọ̀ han òun. Inú mi dùn sí ìbéèrè náà. Mo ṣí ìkànnì tí mo ń lò, mo fi àmì-ẹ̀yẹ 17 tí mo ti gbà níbẹ̀ hàn án, mo sì tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjọ́ 52 ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ láìpa ọjọ́ kan jẹ. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Pa ojú ewé yẹn dé. Ṣí fáìlì tuntun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kí o kọ prógráàmù tí yóò gba máàkì márùn-ún lọ́wọ́ ènìyàn, tí yóò sì sọ èyí tó ga jù nínú wọn."

Mo ṣí fáìlì náà, mo sì ń wò ó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Mo mọ ohun tí variable jẹ́, ìyẹn orúkọ tí a fi ń pa nǹkan mọ́ sínú prógráàmù, mo mọ ohun tí loop ń ṣe, ìyẹn àṣẹ tó ń mú kí kọ̀ǹpútà tún nǹkan kan ṣe léraléra, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí, mo lè ṣàlàyé méjèèjì yékéyéké. Ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣíwájú, n kò mọ ibi tí máàkì tí ènìyàn bá tẹ̀ yóò lọ jókòó sí, àní n kò mọ bí a ṣe ń mú kí prógráàmù ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ti ara mi, nítorí pé lórí ìkànnì náà, bọ́tìnnì kan ló ń bá mi ṣe gbogbo ìyẹn. Nígbà tí ó yá, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀." Ó dá mi lóhùn pé, "Kì í ṣe pé o kò gbọ́n. Ibi tí o ti ń kọ́ ọ ni kò tíì fi ọ́ sílẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé kiri láti ọjọ́ náà. Láàárín ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, mo gba orí ìkànnì bíi mẹ́jọ kọjá, mo parí ẹ̀kọ́ lórí àwọn kan, mo sì kúrò lórí àwọn mìíràn láàárín ọ̀nà, ìbéèrè kan náà ni mo sì fi ń wọn gbogbo wọn: nígbà wo ni ìkànnì yìí máa ń yọ ọwọ́ kúrò lára akẹ́kọ̀ọ́, báwo ló sì ṣe ń yọ ọ́?

Ó yẹ kí n sọ bí ìkànnì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ṣe ń kọ́ni, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ojú ewé rẹ̀ pín sí mẹ́ta: àlàyé wà lápá òsì, ibi ìkọ̀wé wà ní àárín, àbájáde sì ń yọ lápá ọ̀tún. Kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ti wà nílẹ̀ ní àárín, àyàfi ibi kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti dí. Bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ tó yẹ síbẹ̀, àmì aláwọ̀ ewé á yọ, yóò sì bọ́ sí ẹ̀kọ́ tó kàn. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, bọ́tìnnì kan wà tí yóò gbé ìdáhùn kalẹ̀ fún un. Mo tẹ bọ́tìnnì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé ó ti yé mi nígbà tí mo ti rí i. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin kan lójoojúmọ́ lè bá wọn gbè é láìṣì í gbè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí òun nìkan dìde kí ó dá orin náà, ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé gbígbè yàtọ̀ sí dídá. Elégbè ni mo jẹ́ ní gbogbo oṣù mẹ́rin náà, n kò tíì dá orin rí.

Síbẹ̀, n kò ní bá àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lohùn. Àǹfààní kan wà lára wọn tí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ máa ń gbàgbé: wọ́n mú ẹ̀rù ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò. Nígbà tí Zach Sims àti Ryan Bubinski dá Codecademy, ọ̀kan nínú irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ ní ọdún 2011, ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ya lọ síbẹ̀ ni pé kò sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ó bá ti ṣí ojú ewé, ó lè kọ ìlà kan, kí ó sì rí àbájáde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó rí, tó ń gbìyànjú láti gbé Python, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ prógráàmù, sórí kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà sì ń sọ fún un pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ Python bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀ tán ni, yóò mọ̀ pé oore ńlá ni wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìdènà yẹn ti lé padà kí wọ́n tó kọ ìlà kan ṣoṣo.

Nínú àwọn tó ń kọ́ni lórí ojú ewé bẹ́ẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Khan Academy. Àjọ tí kì í ṣe ti èrè ni, ọdún 2012 ni wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ ìkọ̀wé prógráàmù kún ẹ̀kọ́ ìṣirò tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ wọ́n mọ́. Àwòrán yíyà ni wọ́n fi ń kọ́ni ní JavaScript, èdè prógráàmù mìíràn. Ẹ óò kọ ellipse(200, 200, 50, 50), àyíká kan yóò sì yọ. Mo rántí ọjọ́ tí mo yí nọ́ńbà kejì padà láti 200 sí 300, tí mo ń retí pé kí àyíká náà gòkè, àfi bí ó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé mo ṣe àṣìṣe, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, kí n tó mọ̀ pé lórí ojú kọ̀ǹpútà, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà yẹn, ó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi kí n tó rí i fúnra mi, n kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà mọ ni pé kò gbé mi dé ibi tí wọ́n ti ń kọ prógráàmù tí ẹlòmíràn lè lò.

freeCodeCamp ló kọ́kọ́ yọ ọwọ́ lára mi. Quincy Larson ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2014, àjọ tí kì í ṣe ti èrè ni òun náà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ ti àwọn yòókù: ojú ewé kan nípa àwòrán ológbò ni ènìyàn yóò máa kọ́ pọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ sì wà lára rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo dé òpin ẹ̀kọ́ ojú ewé náà ni mo rí i pé wọn kò ní fún mi ní ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ pé mo ṣe iṣẹ́ márùn-ún láti inú fáìlì òfìfo. Ọ̀kan nínú wọn ni fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí ènìyàn yóò kọ orúkọ, àdírẹ́sì ímeèlì àti ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Wọn kò sọ bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n kàn to ohun tí ojú ewé náà gbọ́dọ̀ ní, ẹ̀rọ kan sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n pé.

Odindi ọ̀sán kan ni mo fi wá ìdí tí ẹ̀rọ náà fi ń sọ pé n kò fi ibi ímeèlì síbẹ̀, nígbà tí mo ń fi ojú ara mi rí i lórí ojú ewé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ orúkọ rẹ̀ ní e-mail, nígbà tí wọ́n sọ pé email ni kí ó jẹ́. Mo ti ka ìlà yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ọjọ́ náà ni mo kọ́ pé kọ̀ǹpútà kì í bá ènìyàn fojú fo ohunkóhun, àti pé kí n máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nígbà tí nǹkan bá rú mi lójú. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ lo freeCodeCamp ni pé kí ó má ṣe pẹ́ jù nínú àwọn ìgbésẹ̀ kéékèèké. Kí ó yára dé ibi iṣẹ́ márùn-ún yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gan-an wà. Mo mọ àwọn tó ṣe ìgbésẹ̀ kéékèèké títí, tí wọn kò sì fọwọ́ kan iṣẹ́ kan ṣoṣo.

CS50 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nípa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Harvard ni, David Malan ló ń kọ́ ọ, wọ́n sì gbé e sórí ìkànnì ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní edX láti ọdún 2012 kí gbogbo ayé lè rí i wò lọ́fẹ̀ẹ́. Scratch ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kí àwọn ọmọdé lè fi búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ to prógráàmù jọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láìsí ìkìlọ̀, èdè C ló kàn, èdè tó ti wà láti ọdún 1972, tí kì í sì í ṣe ìkẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Fídíò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń tó wákàtí méjì. Mo wo ti ọ̀sẹ̀ C yẹn bí ẹni ń wo eré, mo sì rò pé gbogbo rẹ̀ ti yé mi, àfi ìgbà tí mo dé ìdí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà.

Iṣẹ́ náà ni kí prógráàmù béèrè gíga kan lọ́wọ́ ènìyàn, kí ó sì fi àmì # kọ́ àtẹ̀gùn bíi ti inú Mario, eré orí kọ̀ǹpútà, tí yóò fara ti apá ọ̀tún. Tèmi fara ti apá òsì. Mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo mọ̀, òsì náà ló ṣì ń lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo pa kọ̀ǹpútà tì, mo mú bébà, mo sì ya àtẹ̀gùn onígíga 4, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo fi àmì kékeré sí gbogbo ibi tó ṣófo. Ìlà kìíní ní àlàfo 3 àti # 1. Ìlà kejì ní àlàfo 2 àti # 2. Ìlà kẹta ní àlàfo 1 àti # 3. Nígbà náà ni ojú mi là: àlàfo náà jẹ́ ohun tí mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ jáde, bí mo ṣe ń tẹ # jáde, àpapọ̀ méjèèjì kò sì yí padà kúrò ní 4. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ro nǹkan kan já kí n tó kọ ọ́. Nígbà tí mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, kóòdù náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì tí CS50 kọ́ mi ni bí a ṣe ń ka àṣìṣe. Mo gbàgbé àmì ìdè kan ṣoṣo níbì kan, kọ̀ǹpútà sì da ìlà ẹ̀sùn mọ́kànlá bò mí lójú. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ń tún àwọn ibi tí kò bàjẹ́ ṣe títí gbogbo rẹ̀ fi dàrú. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ènìyàn lọ sí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ lókè, kí ó tún ìyẹn nìkan ṣe, kí ó sì jẹ́ kí prógráàmù ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́wàá tó kù á bá a lọ. Wọ́n tún máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó gbé pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà ka iwájú, kí ó máa ṣàlàyé kóòdù rẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ibi tí àlàyé bá ti dúró lẹ́nu rẹ̀ ni àṣìṣe wà. Láti ọdún 2023, wọ́n ti ní pẹ́pẹ́yẹ tó ń fèsì, tí wọ́n fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é kí ó máa tọ́ ènìyàn sọ́nà láìgbé ìdáhùn fún un. Mo ka ìpinnu yẹn sí ohun tó ṣe pàtàkì púpọ̀ lásìkò yìí tí ìdáhùn kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí n má ṣe tan ẹnikẹ́ni jẹ, CS50 le. Ẹni tí kò bá ní wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ yóò ṣòro fún un láti bá a dé òpin. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí prógráàmù ṣe ń bá ìrántí kọ̀ǹpútà lò, oṣù mẹ́ta sì kọjá kí n tó padà síbẹ̀. Nígbà tí mo wá dé ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí wọ́n fi Python hàn wá, tí ohun tó gbà mí ní ogún ìlà nínú C di ìlà mẹ́rin péré, mo mọ ohun tí Python ń bá mi gbé. Ẹni tó bá ti Python bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ ẹrù náà, nítorí kò rù ú rí.

The Odin Project tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń kọ́ni. Kò ní ibi ìkọ̀wé kankan lórí ìkànnì rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti ní kí ẹ gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí kọ̀ǹpútà yín bí kì í bá ṣe Mac ni ẹ ń lò, kí ẹ kọ́ Git, ohun èlò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú fáìlì, èyí tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005, kí ẹ sì máa fi iṣẹ́ yín pamọ́ bí àwọn tó ń ṣe é jẹun ṣe ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣètò kọ̀ǹpútà láìkọ ìlà kóòdù kan. Ó tán mi ní sùúrù nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò mọ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, ibi tí fáìlì ń gbé àti bí a ṣe ń mú un ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo mọ̀ ọ́n. Ìwé kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí MDN, ibi tí Mozilla, àjọ tó ṣe Firefox, kó àlàyé HTML, CSS àti JavaScript, àwọn èdè tí a fi ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, jọ sí. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn ìwé kíkà, ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń gba owó, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Coursera, tí Andrew Ng àti Daphne Koller dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, ní ẹ̀kọ́ Charles Severance ti Yunifásítì Michigan tí wọ́n ń pè ní Python for Everybody. N kò tíì rí olùkọ́ tó ń fara balẹ̀ tó o, ó sì gbé gbogbo ohun èlò ẹ̀kọ́ náà sórí ìkànnì tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò nílò ìwé ẹ̀rí. Udemy yàtọ̀ ní tirẹ̀: ẹnikẹ́ni lè gbé ẹ̀kọ́ síbẹ̀ tà, nítorí náà olùkọ́ ni ènìyàn ń yàn níbẹ̀, kì í ṣe ìkànnì.

Owó mi bá ọ̀nà méjì lọ lórí àwọn ìkànnì tí n kò ní dárúkọ. Èkíní ni pé mo gba ọjọ́ méje ọ̀fẹ́, mo gbàgbé láti fagi lé e, wọ́n sì yọ owó ọdún kan. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí mo bá forúkọ sílẹ̀ ni mo ń fagi lé e. Mo sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀ bóyá ọjọ́ tó kù kò ní bá a lọ. Èkejì dùn mí ju ìyẹn lọ. Mo ra ẹ̀kọ́ Python kan tí fídíò rẹ̀ ti pẹ́, olùkọ́ náà sì ń kọ print láìfi àkámọ́ sí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọ ọ́ bí ó ṣe kọ ọ́, kọ̀ǹpútà mi á ní àkámọ́ kò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbà pé orí mi ni kò pé, kí n tó mọ̀ pé Python 2 ni ó ń kọ́ni, àti pé Python 3 tó ti jáde láti ọdún 2008 kò gba irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ṣíwọ́ ìtọ́jú Python 2 pátápátá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wò báyìí, kí n tó wo iye owó rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo ṣe tí kò sí ìkànnì tó fà á. Bí ẹ̀kọ́ kan bá ti le, mo máa ń sá lọ sórí òmíràn, inú mi á sì dùn nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn. Mo kọ́ ohun tí variable jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lórí ìkànnì mẹ́fà. N kò rò pé ó burú láti yẹ ìkànnì méjì tàbí mẹ́ta wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tó le yẹn gan-an ni kí ènìyàn jókòó sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí, n óò ní kí ó lo ọ̀sẹ̀ kan lórí Khan Academy láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà wù ú. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fẹ́, kí ó gba freeCodeCamp lọ sí The Odin Project. Bí ó bá fẹ́ mọ ìdí abájọ, tí àyè sì wà fún un, CS50 ni n óò rán an lọ, n óò sì ní kí ó mú bébà dání.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó tún jókòó ti kọ̀ǹpútà pọ̀. N kò dúró kí ó sọ fún mi. Mo ṣí fáìlì òfìfo, mo kọ prógráàmù máàkì márùn-ún náà ní Python, mo sì sún kọ̀ǹpútà sí i pé kí ó dán an wò. Ó tẹ 45, ó tẹ 70, lẹ́yìn náà ó mọ̀ọ́mọ̀ fi lẹ́tà kọ "ogún" dípò nọ́ńbà. Prógráàmù náà wó lulẹ̀, ValueError, ẹ̀sùn tí Python fi ń sọ pé ohun tí a fún òun kò bá a mu, sì yọ sójú. Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn, mo wo nọ́ńbà ìlà tó tọ́ka sí, mo sì sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí n mú kí ó tún béèrè." Kò dá mi lóhùn. Ó dìde lórí àga, ó ní òun ń lọ sùn, ó sì fi èmi àti fáìlì náà sílẹ̀.